Alángbá Tó Ń Díbọ́n Inú Rírun

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ò rí táǹkì ogun rí, àmọ́ ká ní wọ́n rí i ni, ọ̀rọ̀ kan ò ní yẹ̀ nínú òwe náà. Àwa tá a bí lẹ́yìn wọn la sọ ara wa di onímọ̀ inú alángbá. Fi fọ́tò ogun Hitler kan tó ti pọ́n han ẹni tí mò ń pè ní Bàbá Amọ̀tán, kò ní í béèrè ibi tí wọ́n ti yà á, kò ní í yí i wẹ̀yìn wò bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Á kàn ní, "Sherman M4A3 nìyẹn. Kí ló tún kù?"

Ohun tó kù pọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà rọ Sherman tó lé ní 49,000, wọn ò sì fi ojú sọ púpọ̀ jù nínú wọn lórúkọ. Inú ni wọ́n fi sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó wà níkùn ló ya M4A2 sọ́tọ̀ sí M4A3: dísẹ̀lì ni ti àkọ́kọ́ ń mu, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí Ford ṣe ló wà nínú èkejì. M4A4 ní tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì mọ́tò márùn-ún ni Chrysler so pọ̀ di ẹyọ kan, ni wọ́n bá ní láti fa ara táǹkì náà gùn kó tó lè gbà á. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí i pé àlàfo àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. M4A1 náà ò nira, nítorí dídà ni wọ́n da irin ara rẹ̀, kò ní igun. Àmọ́ M4A2 àti M4A3 tí wọ́n yà láti iwájú ńkọ́? Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ni àmì tó yà wọ́n wà. Inú ló ń run alángbá, imú ni Bàbá Amọ̀tán wò tó fi mọ̀.

Èyí tó burú jùyẹn tún wà. Lára Sherman, apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí, ìbọn kékeré iwájú sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Bí ẹni tó ń fọ fọ́tò bá gbé fíìmù sódì, ohun gbogbo á bọ́ sódì. Ọmọdé á ní kí wọ́n yí fọ́tò náà padà. Bàbá Amọ̀tán ò ní í yí i. Irú Sherman tuntun ló máa dá sílẹ̀, èyí tí iléeṣẹ́ tó ń rọ Sherman gan-an ò gbọ́ rí.

Àwọn tó wà lójú ogun náà ṣìnà, ká má parọ́. Ní Normandy lọ́dún 1944, gbogbo táǹkì Jámánì tó bá yọrí lẹ́yìn igbó ni wọ́n ń pè ní Tiger. Bẹ́ẹ̀ àwọn Tiger àkọ́kọ́ tí wọ́n rọ jálẹ̀ ogun náà ò ju nǹkan bí 1,350 lọ, nígbà tí Panzer IV lé ní 8,000. Nígbà tí wọ́n sì fi pátákó irin yí Panzer IV ká, lára àti lórí, ó rí gàgàrà bíi Tiger lókèèrè. Ìbẹ̀rù ló ń pe orúkọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọta ń fò kọjá etí tiwọn. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀, tí tíì rẹ̀ ń rú èéfín níwájú rẹ̀, kí ni àwáwí tirẹ̀?

Ibi tí òwe àgbà fẹ́ kù díẹ̀ káàtó sí ni pé ó gbà pé alángbá kì í purọ́. Yálà inú ń run ún tàbí kò run ún. Àwọn àgbà ò ro ti alángbá tó ń díbọ́n. Ní Íjíbítì, kí ogun El Alamein tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1942, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi igi àti aṣọ bo táǹkì wọn, wọ́n jọ lọ́rí akẹ́rù, kí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì lè ya fọ́tò lọ́rí lọ sílé. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ní ilẹ̀ Faransé ń fẹ́ atẹ́gùn sínú Sherman tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e rìn. Alángbá tí kò ní ìfun nìyẹn, ẹ wá sọ fún mi bóyá inú ń run ún.

Ti Firefly tún wà. Sherman tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn 17-pounder lé lórí ni. Ìbọn náà gùn débi pé ojú ẹsẹ̀ ni àwọn Jámánì ń dá a mọ̀ yàtọ̀, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ wá. Ni wọ́n bá fi ọ̀dà funfun kun abẹ́ iwájú ìbọn náà, kó lè dà bíi pé ó kúrú. Àwọn tó ń yẹ fọ́tò wò nígbà náà á sì tún ha àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun kúrò kó tó dénú ìwé ìròyìn. Ibi tí wọ́n ha, Bàbá Amọ̀tán ní ẹrẹ̀ ni.

Bàbá Amọ̀tán á tún ní, "Ìràwọ̀ funfun ló wà lára rẹ̀, tiwa ni." Ó dáa. Ní oṣù Kejìlá 1944, Otto Skorzeny, ọ̀gá kan nínú àwọn SS, fi páànù bo Panther mélòó kan kí wọ́n lè jọ M10 ti Amẹ́ríkà, ó kun ìràwọ̀ sí wọn lára, wọ́n sì kọjú sí Malmedy ní Bẹ́ljíọ̀mù. Páànù bo orí, kò bo ẹsẹ̀: wíìlì mẹ́fà ni M10 ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mẹ́jọ ni ti Panther, wọ́n sì gun ara wọn. Ẹni tó kọ́gbọ́n níbẹ̀ á wá ní òun ò wo ìràwọ̀ mọ́, wíìlì lòun ń kà. Kó ka ti Cuckoo. Panther gidi ni, wíìlì rẹ̀ pé mẹ́jọ géérégé. Ọwọ́ àwọn Coldstream Guards ti Gẹ̀ẹ́sì ló bọ́ sí, wọ́n sì ń fi í ja àwọn tó rọ ọ́.

Sinimá wá bá wa da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú Battle of the Bulge tí wọ́n gbé jáde ní 1965, M47 ti Amẹ́ríkà ló ṣe Tiger, M24 ló ṣe Sherman, àwọn kan sì ń gé àwòrán inú rẹ̀ pín kiri pé fọ́tò ogun ni. Kọ̀ǹpútà náà ti di Amọ̀tán: ẹ ní kó ya Sherman, ó lè ya èyí tó ní wíìlì méje, kó sì fi ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sí i.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ilé wa níbí. Ẹnì kan á gbé fọ́tò táǹkì jáde, á ní inú rẹ̀ ni bàbá àgbà òun wà ní àfonífojì Kaladan nígbà ogun Bọ́má. Orí ni àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìpín 81, fi ru ẹrù gba Kaladan kọjá ní 1944. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Bàbá rù, bàbá rìn, ìyẹn ò tó ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé yangàn, àfi kó fi táǹkì kún un. Àwọn Amọ̀tán ò sì béèrè bí táǹkì ṣe débẹ̀. Wọ́n ti ń bá ara wọn fa á bóyá táǹkì Lee ni àbí Grant, bóyá ilé ìbọn kékeré wà lórí rẹ̀, bóyá ẹ̀yìn orí rẹ̀ gba rédíò. Láti àárọ̀ ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ń bú ìyá ẹnì kejì.