Wọ́n Ní Ọ̀fẹ́ Ni

Ẹ gbé àga yín súnmọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo. Ẹ kúkú mọ ọmọ Ìyá Sùkúrá, èyí tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó máa ń tẹ láptọ́ọ̀pù mọ́jú. Bàbá Onílé ti ní kó wá ibòmíì gbà, pé òun ò ní gba ọmọ yahoo sílé. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Iyọ̀ ni mo lọ rà tí mo fi gbọ́. Àmọ́ nígbà tí mo ti gbọ́, ṣé kí n wá pa ẹnu dé ni?

Mo bá kọjú sí ọmọ náà. Ó ní, “Màmá, kóòdù YorubaName ni mo ń kà.” Ó ní wọ́n ń kó orúkọ Yorùbá jọ síbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìtumọ̀ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé, kò sí owó ẹnu ọ̀nà. Kóòdù tí wọ́n fi kọ́ ilé náà gan-an wà ní gbangba lórí GitHub, níbi tí àwọn tó ń kọ kóòdù máa ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á, kó sì bá wọn tún un ṣe. Ọ̀fẹ́! Ní ọjà Ṣáṣá wa yìí, níbi tí tòmátò tó ti rọ̀ pàápàá ti ń pa owó!

Ẹ wá gbọ́ o, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ YorubaName yìí, ọmọ Ìbàdàn wa níbí ni. Kọ́lá Túbọ̀sún, 1981 ni wọ́n bí i. Ẹ mọ bàbá ẹ̀: Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, akéwì orí rédíò, Ọdídẹrẹ́ Ayékòótọ́! Ìgbà tí bàbá Ràfíù ra rédíò nígbà náà, yàrá ìyàwó kejì ló gbé e sí, ni ìyáálé bá… ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, gbogbo wọn ti kú.

UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ni Kọ́lá ti kàwé. Ní 2005, iṣẹ́ àṣekágbá tó ṣe níbẹ̀, àkójọ orúkọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ni. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ mélòó nínú wa ló fojú kàn án? Ní 2015 ló wá tọrọ owó lọ́wọ́ aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn, Dadépọ̀ Adérẹ̀mí ṣe agbátẹrù kóòdù ẹ̀, nígbà tó di 2016 wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bí ẹ bá fi orúkọ ránṣẹ́, kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan á kọ́kọ́ yẹ ìtumọ̀ ẹ̀ wò, wọ́n á tú orúkọ náà palẹ̀, wọ́n á wo ibi tó ti wọ́pọ̀, kí wọ́n tó gbé e síta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sàn ju agboolé wa yìí lọ. Níbí, ọ̀rọ̀ kì í dúró de ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà mọ̀.

Mo bi ọmọ Ìyá Sùkúrá pé kí ló dé tí wọ́n fi kóòdù sílẹ̀ ní gbayawu? Ó ní òyìnbó kan wà nílẹ̀ Faransé, Michel Valdrighi, tó ṣe b2 ní 2001, èyí tí èèyàn fi ń gbé àròkọ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yá, iṣẹ́ dúró, àwọn tó ń lò ó ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Ká ní ó ti kóòdù pa ni, gbogbo ẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn. Àmọ́ ìwé àṣẹ GPL wà lórí ẹ̀: ẹni tó bá fẹ́, kó mú un, kó tẹ̀síwájú. Ní oṣù Kínní 2003, Matt Mullenweg, ọmọ ọdún 19 ní Houston, ní òun fẹ́ gbé e. Mike Little dá a lóhùn láti Stockport nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bó bá dá a lójú, òun wà ńbẹ̀. Ọ̀rẹ́ Matt kan, Christine Selleck, ló fún un lórúkọ: WordPress. Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 2003, ó jáde. Valdrighi fúnra ẹ̀ wá sọ pé WordPress ni àrólé b2. Kò sẹ́jọ́, kò sí lọ́yà. Ẹ wo ilẹ̀ Bàbá Àgbà tiwa, gbogbo àbúrò ló ti gba lọ́yà tán! Lónìí, ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lo WordPress.

Nítorí náà, bí ẹ bá mọ orúkọ ìyá àgbà yín tí kò sí ní YorubaName.com, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹ fi àmì ohùn sí i. Kíbọ́ọ̀dù àmì ohùn pàápàá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀.