Fọ́tò Lórí Òkè Ìdànrè

Ní Wat Rong Khun, tẹ́ḿpìlì Búdà funfun báláú tí ayàwòrán Chalermchai Kositpipat ṣí fáráyé ní Thailand lọ́dún 1997, àwòrán Superman wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fọ́tò nínú ilé náà.

Ìdànrè kò nílò irú òfin bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló ń ṣọ́ òkè. Nísàlẹ̀, àlejò á gbé fóònù sókè, á rẹ́rìn-ín. Kó tó dé ààfin àtijọ́ tí àwọn ará ìlú fi sílẹ̀ ní nǹkan bí 1923, èémí ló ń wá kiri.

Ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ti Agboogun náà wà lára àpáta lókè. Wọ́n ní gbogbo ẹsẹ̀ ló bá a mu, àfi ti àjẹ́. Ìyàwó tó bá mú ìyá ọkọ rẹ̀ dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí màmá kọ́kọ́ dán an wò.