Irin tí kò ní olówó: àwo Demanufacture létí ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù

Demanufacture ni àwo orin tí Fear Factory, ẹgbẹ́ olórin kan láti Los Angeles, gbé jáde ní ọdún 1995. Orin rọ́ọ̀kì ni, èyí tó le bí òkúta, tí wọ́n sì po ariwo ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ́. Èrò inú rẹ̀ bá ti sinimá The Terminator mu, èyí tí James Cameron ṣe ní 1984: ẹ̀rọ gbọ́n tán, ó wá dojú ìjà kọ ẹni tó ṣe é.

Gìtá Dino Cazares àti ìlù tí Raymond Herrera ń fẹsẹ̀ méjèèjì lù ni òpó àwo náà. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti dún ni okùn gìtá ti ń dún. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, omele a máa di ọwọ́ kan mú kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀. Nínú àwo yìí, àwọn méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìbejì tí ebi ń pa. Burton C. Bell ló ń kọrin. A máa bú ramúramù, ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ohùn rẹ̀ a tutù bí ti ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Rhys Fulber ló fi dùùrù oníná mànàmáná bo gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń lu ìlù tí gbogbo ayé rò pé ẹ̀rọ ni.

Lónìí, ọmọ Yorùbá tó ti gbàgbé àwo yìí láti ìgbà èwe lè bá a pàdé ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tí etí rẹ̀ ti kán. Ní Èkó, tòkunbọ̀ ni wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀; níbí, olùrà gan-an ló ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Ibi tí yóò ti gbọ́ ọ ló wá di ìṣòro. Ògiri fẹ́lẹ́, òfin ariwo ọdún 1996 sì fún káńsù lágbára láti gba ẹ̀rọ orin lọ́wọ́ ẹni tó bá ń pariwo láàárín aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀. Nílé, bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá múlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ni wọn ó kọ́kọ́ kó. Bí ìyá bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn nígbà tí àwo ń kọ lọ́wọ́, ohun tí yóò bèèrè kò ṣòro mọ̀: “Ọmọ mi, àwọn náà ti mú iná lọ lọ́hùn-ún ni?”

Ìbẹ̀rù tó wà nínú orin náà kò fi bẹ́ẹ̀ wọ ará ilé létí. Ní Los Angeles, ẹ̀rọ tí kì í sùn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tó ń sùn jù ni wàhálà. Wọ́n pa orúkọ NEPA, ilé iṣẹ́ iná ìjọba, dà ní 2005, wọ́n tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2013, síbẹ̀ “Up NEPA!” náà ni àwọn ọmọdé ń kígbe bí iná bá dé. Rọ́bọ́ọ̀tì apààyàn tó bá dé Ìbàdàn yóò kọ́kọ́ tò sẹ́yìn àwọn tó ń sanwó gba iná sí fóònù. Ọ̀rọ̀ Ògún tún wà níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ, awakọ̀ àti mẹkáníìkì mọ̀ pé Ògún ni olówó irin, pé ajá ni wọ́n fi ń bọ ọ́, bó bá sì bínú, àwọn tó mọ ètùtù rẹ̀ wà. Irin inú Demanufacture kò ní olówó, kò sí ẹni tí èèyàn lè bẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin DLR ni ibi tó yẹ àwo náà jù. Láti 1987 ni kọ̀ǹpútà ti ń wà á. Òṣìṣẹ́ kan a máa wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ òun ló ń wà á. Ẹni tó ń lọ sí Woolwich a ki ohun ìgbọ́rin bọ etí, ìlù Herrera a máa rọ̀jò, ọkọ̀ a sì dúró fúnra rẹ̀ ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìsí kọ́ńdọ́ tí èèyàn máa kígbe “Ó wà o!” sí.