Baba Mo-Wà-Ńbẹ̀

Kò sí ilé ọtí kan ní Ikpoba Hill, nílùú Benin, tí kò ní Baba Mo-Wà-Ńbẹ̀ tirẹ̀. Láti Ramat Park títí dé àdúgbò ilé-iṣẹ́ Guinness, ẹ ó bá a lórí àga oníke, ó gẹ fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń retí kí ẹnì kan ṣèèṣì dárúkọ Victor Uwaifo. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá a, òun fúnra rẹ̀ á dá a. Owó epo lẹ ń sọ jẹ́jẹ́ yín. Kí ẹ tó mira, ó ti wọ́ yín dé ibi eré alẹ́ ọdún 1966.

Uwaifo tó bẹ́ẹ̀, kò sí àní-àní. Ọkùnrin tó kọ “Joromi” àti “Guitar Boy”, tó ń fi ẹsẹ̀ ta gìtá, tó ń fi ahọ́n ta á, tó gbé gìtá ọlọ́rùn méjì olókùn 18 kọ́rùn, kí ló fẹ́ fi àbùmọ́ ṣe? Àní àwọn sójà tó fẹ́ gbàjọba ní Ghana ní oṣù kẹrin ọdún 1967, orúkọ orin rẹ̀ ni wọ́n fi pe ìdìtẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í yó Baba. Ó ní gìtá náà gbiná lọ́wọ́ Uwaifo, Uwaifo sì ń ta á lọ. Jimi Hendrix ló dáná sun gìtá, ní Monterey lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ní 1967. Baba ti jí iná náà gbé wá sí Benin.

Ní ìgò kìíní, ẹ̀yìn èrò ló dúró sí. Ní ìgò kejì, ó ti dé iwájú. Ní ìgò kẹta, Uwaifo dá orin dúró, ó nàka sí i pé kó gòkè wá. Tí ẹ bá ra ìkẹrin fún un, òun ló di ọrùn gìtá kan mú, tí Uwaifo di èkejì mú.

Ti ọjọ́ orí rẹ̀ ló sì ń dùn mí jù. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìwé ìbúra tó gbà ní kóòtù sọ pé 1967 ni wọ́n bí i, torí náà ìfẹ̀yìntì kò tíì kàn án. Ṣùgbọ́n ní 1966 tó ń sọ yìí, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀, ọmọge méjì ló sì mú dání lọ síbi eré. Bóyá ó jó tán ni, ó rẹ̀ ẹ́, ó padà sínú ìyá rẹ̀ lọ sinmi.

Ọ̀dọ́kùnrin kan lè gbójú, kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà náà?”

“O ò sí ńbẹ̀!”

Gbọ̀ngàn wo ni? O ò sí ńbẹ̀. Ta ló ń lùlù? O ò sí ńbẹ̀. Èló ni wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé ìwọ wà ńbẹ̀ ni? Ìyá olọ́tí nìkan ni kò ráyè sọ ọ́ fún, nítorí ìyẹn wà ńbẹ̀ nígbà tó mu mẹ́rin tó ní méjì lòun mu.

Olè ni. Irọ́ pípa kọ́ ló ń bí mi nínú. Ojúkòkòrò rẹ̀ ni, pé ènìyàn ńlá kò gbọdọ̀ ta gìtá rí láyé àfi kó lè fi ṣẹlẹ́rìí òun. Ìlú Benin yìí kan náà ni Uwaifo gbé nígbà ayé rẹ̀. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Benin, ó gbẹ́ ère, àwọn àlejò ń lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Takisí lásán ni ìrìn náà. Baba kò fẹsẹ̀ kan débẹ̀ lọ kí i rí.

Ní 28 August 2021 tí Uwaifo kú ní ẹni 80 ọdún, Baba ké débi tí wọ́n fi pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé ọtí fún un, wọ́n gbé ẹran ìgbẹ́ fún un. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, inú ti ń bí i. Rédíò kankan kò pè é. Ó ní àwọn oníròyìn ìlú yìí kò mọ iṣẹ́ wọn.