Ẹ Má Yínmú sí Imí

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní kò tilẹ̀ bèèrè ojú erin mọ́, imí rẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Bí ìgbẹ́ bá ti ń gba inú ìfun kọjá ni ó ń kó sẹ́ẹ̀lì ara ẹranko dání, inú sẹ́ẹ̀lì yìí sì ni DNA wà, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí ó ń fi ìran ẹranko hàn, àti bóyá akọ ni tàbí abo. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Richard Bergl àti Linda Vigilant, fi imí tí àwọn gọ̀rílà Cross River yà sí ìdí ìtẹ́ wọn ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, wọ́n sì rí i pé àwọn kan ṣì ń ṣí láti igbó kan sí òmíràn. Ohun tí ará Ìlógbò-Èkìtì yóò tẹ̀, tí yóò sì fi koríko nu kúrò lẹ́sẹ̀ tèébútèébú, ni ọ̀mọ̀wé ń rọra bù sínú ìgò. Nítorí náà, kí ọdẹ tí ó bá dé igbó Ìsẹ̀-Èkìtì, níbi tí ìnàkí ṣinpansí ṣì wà, rántí pé ẹran tí a bá yìn níbọn kò ní yàgbẹ́ mọ́.