Ọmọ Kọ́ Ló Ń Da Bàálù Rú

Bí ọmọdé bá fi igbe ta nínú bàálù Èkó sí Àbújá, gbogbo ojú á yí sí i bí ẹni pé òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló yan aago méje àárọ̀, òun náà ló sì pinnu pé súùtù ló yẹ kí èèyàn wọ̀ lọ síbi tí oòrùn ti ń jó ilẹ̀. Òbí á wá máa bẹ àwọn èrò, "Ẹ má bínú, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí." Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tán. Ojoojúmọ́ ni ọmọ ọdún mẹ́ta ń rí ohun tí kò rí rí, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwa àgbà ni nǹkan tuntun ń bá lójijì. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀: nínú gbogbo yẹ̀yẹ́ tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ kó ọmọ wọ bàálù abẹ́lé, ọ̀dọ̀ òbí ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Wákàtí kan tí a máa lò lókè la múra fún. A ò múra fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a máa lò nílẹ̀, a ò sì ro ti etí, ikùn àti àpò ìtọ̀ ọmọ. "Àwa" ni mo wí o, n kò yọ ara mi kúrò nínú ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Láti Ìkẹjà sí Àbújá, bàálù kì í pẹ́ ju nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti Ajah, tí bàálù rẹ̀ máa gbéra ní aago méje, gbọ́dọ̀ ti kọjá afárá Third Mainland kí ìlú tó jí, torí pé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù kì í dúró de ẹnikẹ́ni bó bá ti ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú 45. Òru dúdú la ti jí ọmọ nìyẹn. Ìlà ẹrù tẹ̀lé e, ìlà àyẹ̀wò tẹ̀lé ìyẹn, lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn ìdúró, níbi tí ohùn kan á ti máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kéde pé bàálù máa pẹ́ díẹ̀ nítorí ìdí tó jẹ mọ́ iṣẹ́, gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ìdí rẹ̀, tí gbogbo wa sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá lè mú kí awakọ̀ má rí ọ̀nà ìbalẹ̀, kí gbogbo èèyàn sì jókòó di ọ̀sán. Bàálù kan náà ló sì ń lọ tó ń bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, nítorí náà bó bá pẹ́ ní ìrìn àkọ́kọ́, ìdádúró náà á máa lé sí i ni. Èyí tún burú fún ẹni tó ń lọ sí ìlú tí pápákọ̀ rẹ̀ kò ní iná fún ìbalẹ̀ alẹ́. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, ó parí nìyẹn. Kí la wá dì sílẹ̀ fún gbogbo èyí? Kátúùnù lórí fóònù, tí a ti sọ fún ọmọ pé ó di òkè ká tó tàn án. Páńpáàsì, aṣọ ìpààrọ̀ àti ike oúnjẹ ń kọ́? Wọ́n wà nínú àpótí ńlá tó ti wọ ikùn bàálù lọ, nítorí a fẹ́ kí ọwọ́ wa fúyẹ́ nínú fọ́tò.

Ẹnìkan á ní ẹ̀bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ìdádúró, kì í ṣe ti òbí. Mi ò jiyàn. Òfin àjọ NCAA, tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, sọ ọ́ ní Apá 19 pé bí ìdádúró bá ti kọjá wákàtí kan, kí wọ́n fún èrò ní ìpanu àti ohun mímu. Bó bá kọjá méjì, èrò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ padà. Ẹ̀tọ́ ni, ẹ béèrè fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ kò ka Apá 19. Kì í dúró di wákàtí kan kí ebi tó pa á. Òbí tó ní mọ́ínmọ́ín àti omi nínú báàgì ọwọ́ lè fara balẹ̀ jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀, kó mọ orúkọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ọmọ ń fa aṣọ rẹ̀ ya, ariwo nìkan ló máa rí pa, ilé iṣẹ́ náà sì ti gbọ́ ariwo títí ó ti sú wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àìmúrasílẹ̀ wa kedere, ibi àyẹ̀wò ni kó lọ dúró sí. Ẹ wo ọmọkùnrin kékeré kan nínú súùtù, bẹ́líìtì onírin tó tóbi ju ìdí rẹ̀ lọ, bàtà olókùn tí wọ́n so ní ìdè méjì-méjì kó má bàa tú. Òṣìṣẹ́ ààbò ní kó bọ́ bàtà àti bẹ́líìtì. Ìyá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi èékánná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tú okùn; ọmọ di ṣòkòtò mú lọ́wọ́ méjèèjì; èrò tó wà lẹ́yìn wọn ń pòṣé. Àbúrò rẹ̀ ló tún burú. Wọ́n gba ọmọláńgidi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sínú abọ́ oníke, ó sì wọ inú ihò dúdú lọ. Igbe tó tẹ̀lé e, ilé ẹ̀kọ́ kan kò lè kọ́ ọmọ nírú rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ọmọ náà jàre. Àlejò kan já ohun tó fẹ́ràn jù láyé gbà, ìyá rẹ̀ sì dúró, ó ń sọ pé "Ẹ ṣé, sà." Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko la ti ń ròyìn ìkùukùu fún ọmọ yìí, pé yóò rí i nísàlẹ̀ bíi òwú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀rọ kan wà tí ọmọláńgidi á gba inú rẹ̀ kọjá, tí yóò sì bọ́ sí òdìkejì láìfarapa. Bẹ́ẹ̀, bí a bá sọ ọ́ nílé, ṣe ni ì bá máa sáré lọ dúró níbi tó máa jáde sí.

Ti ọjọ́ orí náà ń bẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ abẹ́lé wa, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa ń jókòó lórí itan òbí, owó rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ti àgbà lọ. Bó bá ti pé méjì, ó di oníjókòó. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń ka A, B, D lórí ahọ́n fi máa ń padà di ọmọ oṣù 22 bó bá dé pápákọ̀. A gbàgbé pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi ni orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, ó bi í léèrè; ọmọ na ìka mẹ́ta sókè, ó sì fi àdírẹ́sì ilé ṣe ènì. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n òfin náà kì í ṣe ti owó nìkan. Nígbà tí bàálù United 232 já lulẹ̀ ní Sioux City ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, ọmọ mẹ́rin ni kò ní ìjókòó tiwọn, ilẹ̀ ni wọ́n sì ní kí òbí tẹ́ wọn sí gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìgbà náà. Ọ̀kan kú. Jan Brown, olórí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ọ̀hún, fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ ìjọba lẹ́yìn rẹ̀ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó. Ọwọ́ ìyá lágbára lóòótọ́, àmọ́ kò lágbára tó bàálù tó dúró lójijì. Ọ̀já náà kò ní ṣe é: ọmọ tí a pọ̀n tí a sì jókòó lé ti há sáàárín ẹ̀yìn ìyá àti àga, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi bẹ́líìtì tirẹ̀ di ọmọ mọ́ra ti sọ ara rẹ̀ di òkúta tí yóò tẹ ọmọ náà.

Etí gan-an ni olórí ẹjọ́. Bàálù lè ga ju 30,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó dà bíi ti orí òkè tó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Bó bá ń bọ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ á tún máa le sí i, ó sì ní láti gba ọ̀nà tóóró kan láti ọ̀fun wọ inú etí. Ti ọmọdé kúrú, ó há, ó tẹ́ sílẹ̀ ju ti àgbà lọ. Ọ̀fìnkìn díẹ̀ ti tó láti dí i. Nígbà tí èèyàn bá gbé nǹkan mì ló ń ṣí. Ìgbà ìsọ̀kalẹ̀ ló ń dunni jù, ìyẹn bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn. Àwa wá ń kọ́? Kí bàálù tó gòkè tán la ti kó gbogbo súwíìtì àti wàrà fún ọmọ. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, ọmọ ti sùn, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó sùn, láìmọ̀ pé ẹni tó ń sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé itọ́ mì. Ìrora ló máa jí i. Àwọn kan tilẹ̀ ti fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn láti ilé kó lè sùn, wọ́n á ní ìyá àwọn náà fún àwọn ní Piriton, àwọn ò sì kú. Òótọ́ ni pé wọn ò kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí oògùn bẹ́ẹ̀ ń gbé nínàró dípò kó tẹ́ wọn sílẹ̀. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, sì ti kìlọ̀ láti ọdún 2004 pé kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní promethazine, oògùn mìíràn irú èyí, nítorí pé ó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Bó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, etí ọmọ tó sùn fọnfọn ló máa san gbèsè rẹ̀. Ọmú, fídà tàbí omi ni kí a pa mọ́ di ìgbà tí awakọ̀ bá kéde pé a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú ń ti àwọn ìyá kan láti fún ọmọ lọ́mú nítòsí Alhaji tí wọn ò mọ̀ rí. Ẹ má wulẹ̀ tijú. Alhaji á wo fèrèsé, ó sì yá a lára ju kí ọmọ máa ké sí i létí.

Ti ìbẹ̀rù náà, àwa la gbé e wọlé. Bí bàálù bá ń gbọ̀n nínú ìkùukùu, ọmọdé á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n tún un ṣe. Àfi bí ìyá bá figbe ta, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", tí bàbá sì di apá àga mú bí ẹni pé òun ló ń gbé bàálù ró. Ní ọdún 1985, James Sorce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwọn ọmọ ọdún kan sórí tábìlì onígíláàsì tí apá kan rẹ̀ rí bíi kòtò, ìyá kọ̀ọ̀kan dúró ní òdìkejì. Nínú ọmọ 19 tí ìyá wọn rẹ́rìn-ín sí, 14 ló rá kọjá. Nínú 17 tí ìyá wọn fa ojú ìbẹ̀rù, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó dán an wò. Wọ́n á ní èèyàn ò lè pàṣẹ fún ọkàn ara rẹ̀ kó má bẹ̀rù. N kò ní kó má bẹ̀rù. Ojú nìkan ni mo ní kó tún ṣe. Àdúrà ṣeé gbà nínú. Bákan náà ni wọ́n ń sọ pé kí òbí kọ́kọ́ fi ìbòmú afẹ́fẹ́ sí ara rẹ̀ kó tó kan ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ń búra pé ọmọ làwọn máa kọ́kọ́ fi sí nímú. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọpọlọ àgbà á fi dàrú bí afẹ́fẹ́ bá tán, ọmọ ọdún méjì ò sì lè fi ìbòmú sí ìyá rẹ̀ nímú.

Àwọn kan á ní kí a fi ọmọ sílé títí tó fi máa gbọ́n, tàbí kí a gba ojú títì. Ọ̀nà Lọ́kọ́jà fún ohun tó ju wákàtí mẹ́wàá lọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ẹni tó dábàá rẹ̀ kò tíì gbìyànjú rẹ̀. Ní ti pé ọmọ ń yọ èrò lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká wo àwọn èrò náà bí táyà bá ti kan ilẹ̀. Àtẹ́wọ́ á dún, halelúyà á tẹ̀lé e, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn ọkùnrin tó wọ táì á sì ti dìde, wọ́n ń fa báàgì lé ara wọn lórí, nígbà tí bàálù ṣì ń sáré tí òṣìṣẹ́ sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ọmọdé tí bẹ́líìtì wà nídìí rẹ̀ ni kò rú òfin kankan. Kí òbí rẹ̀ náà jókòó tì í, kí wọ́n wá bàtà kejì tó yọ́ sábẹ́ àga, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú kọjá lọ. Ẹrù tí gbogbo wọn ń sáré lọ gbà kò tíì kúrò nínú ikùn bàálù.