Omi Tí A Kì Í Bù Mu

Omi là bù wẹ̀, omi là bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Bí àwọn àgbà ti wí nìyẹn. Afínjú ayé òde òní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ṣe àmín, ó wá yíjú sí àbúrò omi, ó mú un wọlé. Ó bù ú fọ balùwẹ̀, ìyẹn dára. Ó bù ú fọ ẹ̀fọ́ àti èso. Ó bù ú yọ ẹnu. Ìgbà tó yá, ó bù ú mu. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ń rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tí àwọn alásímà fi ń mí, wọ́n ń fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ń ya fídíò ara wọn kí aráyé lè rí ọgbọ́n tí wọ́n dá. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn alásímà níbẹ̀ ní láti jáde bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dẹ́kun rẹ̀.

Hydrogen peroxide ni orúkọ àbúrò omi yìí. Onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní ilẹ̀ Faransé, Louis Jacques Thénard, ló kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1818. Omi ní háídírójìn méjì pẹ̀lú ọ́síjìn kan. Pẹrọ́sáídì ní háídírójìn méjì pẹ̀lú ọ́síjìn méjì. Ọ́síjìn kan tó lé yẹn ni oníjàgídíjàgan. Kì í fara balẹ̀. Ohun tó bá kọ́kọ́ pàdé ló ń dojú kọ: ara kòkòrò àrùn, àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, àwọ̀ irun, awọ ọwọ́ ẹni tó gbé e dání. Ìmọ́lẹ̀ lásán tó láti tú u ká, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á nínú ìgò búráùn. Bí ó bá sì tú ká tán, omi àti ọ́síjìn nìkan ló kù. Kò sí òórùn burúkú, kò sí májèlé tó ṣẹ́kù sórí tábìlì. Ibẹ̀ ló ti gba iyì lọ́wọ́ bílíìṣì, iyì náà sì tọ́ sí i.

Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, ìdá 3 nínú 100 péré ni pẹrọ́sáídì inú rẹ̀. Èyí tí àwọn onírun ń pò mọ́ aró, tí wọ́n kọ 20 volume sí lára, ìdá 6 ni. Àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà sọ pé oní-3 yẹn tó láti pa kòkòrò àrùn lórí ohun tí kò lẹ́mìí, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àkókò: fáírọ́ọ̀sì kan tó ń fa ọ̀fìnkìn gbà á ní ìṣẹ́jú 6 sí 8. Ìṣẹ́jú 6 sí 8! Ta ló ráyè? Afínjú fín in sórí táìlì, kò tíì mí lẹ́ẹ̀mejì tó ti fi àkísà nù ún kúrò. Ó dà bí ẹni tó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, tó tún lé wọn padà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kòkòrò àrùn wẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Afínjú kò sì kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí a máa jẹ agbára pẹrọ́sáídì tán kó tó kan kòkòrò tó wà lábẹ́ wọn. Ìyá àgbà tó ń fi ewé ìpín ha igbá, tó ń fi eérú fọ ìkòkò, kò gbọ́ orúkọ Thénard rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀gbin ni a kọ́kọ́ ń lé.

Híhó ni ó ń tan afínjú jẹ. Ó dà á sílẹ̀, ó hó yàà, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó ń ṣiṣẹ́." Nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní catalase, òun ló ń já pẹrọ́sáídì sí omi àti ọ́síjìn. Ìdí nìyẹn tó fi ń hó lójú egbò. Kòkòrò lè wà níbẹ̀, kó má sì sí. Yóò ṣáà hó. Àwọn dókítà ti dẹ́kun rírọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa dà á sójú egbò, nítorí ó ń pa ara tuntun tó fẹ́ san pẹ̀lú.

Ẹni tí híhó bá ti wọ̀ lójú, kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ àpòpọ̀. Bí ọ̀kan bá dára, ó dá a lójú pé méjì á dára jù. Ó da fínígà mọ́ pẹrọ́sáídì nínú ike kan: peracetic acid ló ń ṣe yẹn, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ oúnjẹ máa ń dáàbò bo ojú àti ọwọ́ kí wọ́n tó sún mọ́. Òun dúró ti síńkì pẹ̀lú aṣọ ilé, ojú ń ta á, ọ̀fun ń yún un, ó ní òórùn ìmọ́tótó ni. Ó da bílíìṣì mọ́ ọn: àwọn méjèèjì kọjú ìjà síra wọn, ooru ń jáde, ọ́síjìn ń tú, ike tí a bá dé pinpin sì lè bẹ́. Bí ìjà bá parí, ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ ju omi oníyọ̀ lọ. Owó ìgò méjì ló ná lé e lórí.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìbẹ̀rù kòrónà gba ayé kan, CDC kọ ìtàn obìnrin kan tó gbọ́ nínú ìròyìn pé kí ènìyàn fọ gbogbo ohun tó bá rà lọ́jà kó tó jẹ ẹ́. Ó bu bílíìṣì, fínígà àti omi gbígbóná sí síńkì, ó rẹ ẹ̀fọ́ àti èso sínú rẹ̀. Gáàsì kilorínì ni àpòpọ̀ yẹn ń tú jáde. Ikọ́ mú un, èémí há a, ọkọ̀ pàjáwìrì ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá, ó padà sílé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àjọ náà bi àgbàlagbà 502 ní ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdá 39 nínú 100 wọn ló ti ṣe ohun eléwu kan láti lé àrùn náà: àwọn kan fi bílíìṣì fọ oúnjẹ, àwọn kan fi ọṣẹ ilẹ̀ para, àwọn kan mu ún tàbí kí wọ́n fi yọ ọ̀fun. Ohun tí wọ́n ń sá fún kò tíì wọlé, èyí tí wọ́n gbé mì ti wọ̀fun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn onílé nìkan ni àpòpọ̀ ń tì lójú. Àwọn tó ṣètò ìdíje àgbáyé àti agbaṣẹ́ṣe wọn náà ti jẹ nínú rẹ̀, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní Rio de Janeiro, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìdíje Òlíḿpíìkì gan-an, agbaṣẹ́ṣe kan da pẹrọ́sáídì 80 lítà sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn Maria Lenk. Kilorínì ti wà nínú omi náà tẹ́lẹ̀. Pẹrọ́sáídì gba agbára lọ́wọ́ kilorínì, kò sì dúró ṣọ́ omi fúnra rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 9, omi tí àwọn eléré ń tòkè bẹ́ sí ti di aláwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ kejì, ti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù inú omi tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kejì yẹn náà ni Jack Laugher àti Chris Mears láti Bìrìtéènì bẹ́ sínú omi àkọ́kọ́ náà, tí wọ́n gba wúrà jáde. Ará Jámánì kan kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé gbogbo ilé náà ń rùn bí ìsó.

Àwọn aláṣẹ ìdíje náà wá ń wá àlàyé. Wọ́n sọ pé kò léwu. Wọ́n sọ èyí, wọ́n sọ tọ̀hún. Mario Andrada, agbẹnusọ wọn, sọ fún àwọn oníròyìn pé kẹ́mísírì kì í ṣe ìmọ̀ tó péye délẹ̀. Kẹ́mísírì tí kò bá wọn pe ìpàdé! Ó ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ Thénard, kò yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n jẹ́wọ́ 80 lítà náà, wọ́n sì ní láti fa omi tó lé ní mílíọ̀nù 3 lítà dànù kí àwọn tó ń jó nínú omi tó lè rí ẹsẹ̀ ara wọn.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń ra pẹrọ́sáídì oní-35 nínú 100, tí wọ́n kọ "food grade" sí lára rẹ̀. Wọ́n ka food, wọ́n fò grade. Mílílítà kan pẹrọ́sáídì oní-30 lásán lè tú ọ́síjìn tó tó 100 mílílítà sílẹ̀. Kí onílàákàyè fi ṣírò ohun tí ẹnu kan oní-35 máa ṣe nínú ikùn. Ní ọdún 2006, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé mímu rẹ̀ lè dá egbò sí ikùn, pé gbígbà á sínú iṣan lè fi gáàsì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pani. Àwọn tó ń tà á ní ó ń wo jẹjẹrẹ.

Ní Nàìjíríà, ìgò tiwa yàtọ̀. Sniper, oògùn kòkòrò oko, ni àwọn kan ń fín sí yàrá tí ọmọ ń sùn, àwọn oníṣòwò kan sì ń fi tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, títí àjọ tó ń gbèjà oníbàárà fi kìlọ̀ ní 2018. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ wa, fòfin de ìgò kékeré oní-100 mílílítà, wọ́n sì ní kí wọ́n yé tà á ní ọjà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Kòkòrò ẹ̀wà ṣáà kú.

Àwọn afínjú kan ṣì wà tí kò po pẹrọ́sáídì mọ́ nǹkan kan, tí kò mu ún. Èyí tí wọ́n ṣe ni pé ìgò búráùn kò bá àwọ̀ ilé ìdáná wọn mu, wọ́n bá rọ pẹrọ́sáídì sínú ike ìfín tó mọ́ gaara, wọ́n gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ti ń ràn. Oṣù ń gorí oṣù, wọ́n ń fín in, wọ́n ń nù ún, ọkàn wọn balẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dá lójú, kó bu díẹ̀ lé ẹ̀dọ̀ màlúù tútù kó tó sè é. Bí kò bá hó, kó fi ìyókù bomi rin òdòdó, kó sì padà lọ mú ọṣẹ. Kó má jẹ ẹ̀dọ̀ yẹn o.